Awọ, Ìda àti Ohùn Máìkì

Ìwé pélébé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́, tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe lè fi owó díẹ̀ sọ máìkì olówó pọ́ọ́kú di ohun tó dùn ún gbọ́ ní sítúdíò. Inú mi ń dùn bọ̀ títí mo fi ṣí ojú ewé kejì. “Fèrèfèré agbọ̀nrìrì oníwúrà” ni wọ́n pe ohun tí ohùn kọ́kọ́ ń bá pàdé nínú máìkì. Ta ni yóò rí ẹnu pe èyí nígbà tó bá di áyọ́ọ̀nù gbígbóná mú?

N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí wáyà, rẹsítọ̀ àti kapásítọ̀. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe ti sọ wọ́n di ọmọ ilé tipẹ́. Máìkì náà, ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìwé kíkọ, kó fi gbohùngbohùn sílẹ̀: ohùn tí òkè ń dá padà ni gbohùngbohùn, máìkì kì í sì í dáni lóhùn. Agbohùn ni mo fara mọ́, nítorí ó ń gba ohùn, ó sì ń fi í jíṣẹ́. Ká ṣọ́ àmì orí rẹ̀ o. Gba ohùn ló bí gbohùn. Gbé ohùn àti gbọ́ ohùn ló bí gbóhùn. Iṣẹ́ mìíràn ni agbóhùn ń ṣe.

Iná 48 fóòtì tí irú máìkì yìí ń lò, “iná iwin” ni wọ́n pè é. Iwin wo? Wáyà tí ohùn ń bá bọ̀ náà ni iná yìí ń bá lọ, bó ti rí nínú máìkì KM 84 tí Neumann ti Jámánì gbé jáde ní 1966. Bí a ṣe ní abánikẹ́dùn, ká pè é ní iná abóhùnrìn.

Fèrèfèré yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ọ̀rá ni, ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, wọ́n fi wúrà ra á lójú, wọ́n sì nà án gbọnrangandan. Ohùn kàn án, ó gbọ̀n. Kí ni onílù ń pe ohun tí a nà tó ń gbọ̀n? Awọ! Ẹnì kan á ní ọ̀rá kì í ṣe ara ẹran. Ìlù ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ọ̀rá bo lójú ńkọ́, tó bá ya, ṣé a kì í sọ pé awọ rẹ̀ ló ya? Kí akọ̀wé má ṣáà kọ àwọ̀, ọ̀dà nìyẹn. Bí awọ bá sì wà, ojú wà: ibi tí wọ́n na awọ sí ni ojú máìkì, bí ojú ìlù.

Ojú yìí ni wàhálà máìkì olówó pọ́ọ́kú. Púpọ̀ nínú wọn ló jí àwòṣe K 67, ojú tí Neumann fi sínú máìkì U 67 ní 1960. Ojú náà máa ń gbé ohùn tín-ín-rín sókè, U 67 sì ní ohun tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ padà nínú. Àwọn aláwòkọ mú ojú, wọ́n fi ìrẹ̀sílẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí “s” inú sùúrù fi ń gún ni létí, tí “ṣ” inú ṣúgà sì ń sáré lé e. Kapásítọ̀ kékeré kan, tí a bá jó o síbi tó yẹ, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. “Ìdínkù ìtẹnumọ́ ohùn gíga” ni wọ́n pe èyí. Áà! Onílù bàtá ti ń ṣe é ká tó bí bàbá wa. Ó ń lẹ ìda mọ́ ojú òjò ìyáàlù, kí ohùn rẹ̀ wúwo, kó má máa han. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba gbé ọ̀rọ̀ náà dání. Idá ni àwọn onílù ibẹ̀ ṣì ń pè é. Kapásítọ̀ ìda, ó parí.

Ó ku orúkọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àtúnṣe ni wọ́n kọ. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe, máìkì yìí kò sì bàjẹ́. Àdá tó ṣì dára, tí a fẹ́ kó mú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé alágbẹ̀dẹ là ń gbé e lọ kó tún un rọ. Máìkì àtúnrọ ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pélébé náà, mo sì dá a padà fún ẹni tó ni ín.