Ta ló lọ pe òyìnbó wá? Kòsọ́kọ́, Ẹ̀pẹ́, àti ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó ti lẹ́tà

Thread yìí gùn díẹ̀, ẹ wá àyè jókòó.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, mo sin màmá àgbà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Láti Ìkòròdú la ti wọkọ̀, a gba ọ̀nà Ìtòkín. Káyókáyó là ń lọ ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, ọdún tí àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe ni, láti fi rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀. Aṣọ ẹbí lóríṣiríṣi, ìlù ń dún, èèyàn ò ráyè gbẹ́sẹ̀. Àárín ariwo yẹn ni Màmá ti kọjú sí mi.

"Ọkọ mi, ìwọ tó o ka ìtàn ní yunifásítì, ta ló lé Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó?"

Mo ní, "Òyìnbó ni, Màmá."

Ó ní, "Òyìnbó ò dédé wá jà nílé onílé. Ta ló lọ pè é?"

Ìbéèrè yẹn ni thread yìí dá lé lórí. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe iléèwé ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé nìyí: wọ́n ń ta ẹrú l'Ékòó, Kòsọ́kọ́ kọ̀ kò jáwọ́, ọkọ̀ ogun òyìnbó wá, òwò ẹrú parí. Ó tán. Mi ò bá tíṣà wí, bó ṣe wà nínú nóòtì nìyẹn. Ìran tiwa náà sì ni wọ́n yọ Ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ kíláàsì fún, kí wọ́n tó wá dá a padà nígbà tó yá. Nígbà tí mo ní Ìtàn ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, bàbá mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ máa fi í jẹ.

Ní 300 level, mo ń wá nǹkan mìíràn ní láíbìrì, ni mo bá rí Nigeria Magazine àtijọ́ kan, nọ́ńbà 69, August 1961. Ẹ wo déètì yẹn dáadáa. August 1861 ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti òyìnbó. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé! Òmìnira Nàìjíríà gan-an ò tíì pé ọdún kan. Àpilẹ̀kọ kan wà níbẹ̀ tó ní òun fẹ́ tún ọ̀rọ̀ bí òyìnbó ṣe gba Èkó láàárín 1851 sí 1861 yẹ̀ wò. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló kọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ni J. F. Adé Àjàyí.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n ti bí i ní 1929. Ó lọ sí Igbobi College, ó kàwé n'Íbàdàn, ó dé Leicester, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London ní 1958, ó sì padà wá ń kọ́ni n'Íbàdàn. Orí àwọn míṣọ́nnárì ló ti ṣe ìwádìí oyè yẹn, òun ló sì di ìwé Christian Missions in Nigeria, 1841–1891, tó jáde ní 1965. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà ni èèyàn máa jókòó tì. Òbítíbitì lẹ́tà tí wọ́n kọ láti Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta sí àwọn ọ̀gá wọn ní London.

Ẹ̀bẹ̀ ló sì pọ̀ nínú lẹ́tà yẹn. Ẹ bá wa sọ fún ìjọba. Ẹ bá wa bá mínísítà sọ̀rọ̀.

Lóde òní, lobbying ni wọ́n ń pè é. O fẹ́ kí ìjọba ṣe nǹkan fún ọ, o ò dìbò, o ò jà. O wá ẹni tó mọ ẹni tó mọ mínísítà, o sì to ọ̀rọ̀ rẹ lọ́nà tó máa fi dà bíi pé àǹfààní mínísítà lò ń wá. Kì í ṣe rìbá o. Àmọ́ àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe lọ.

Akítóyè ló jọba l'Ékòó tẹ́lẹ̀. Ní 1845, Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbàjọba mọ́ ọn lọ́wọ́. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó tibẹ̀ dé Àgbádárìgì. Ọba tí ò lórí ìtẹ́ mọ́, tí ò lọ́mọ ogun tó lè gbé e padà, kí ló kù sí i lọ́wọ́? Ẹnu. Ó kọ̀wé sí John Beecroft, kọ́ńsù òyìnbó, pé tí wọ́n bá lè dá òun padà sílé, òun á fòpin sí òwò ẹrú, òun á sì máa bá àwọn òyìnbó ṣòwò tó bófin mu. Ọ̀rọ̀ tí etí òyìnbó ń fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ṣebí wọ́n ń ta ẹrú l'Ékòó nígbà tí òun náà wà lórí oyè!

Beecroft fúnra rẹ̀ ńkọ́? Oníṣòwò ni ní Fernando Po kó tó di kọ́ńsù ní 1849. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ohun tí wọ́n máa ṣe sí èbúté wa, òwò etí òkun yìí ló ti ń jẹun bọ̀.

Àwọn míṣọ́nnárì CMS wà lẹ́yìn Akítóyè digbí. Gollmer wà l'Ágbádárìgì, Townsend wà l'Ábẹ́òkúta. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, wà ní London, ó mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn. Ní 1851, Àjàyí Crowther dé England. Ó rí Lord Palmerston, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ó dé ààfin Windsor, ó bá Ọbabìnrin Victoria àti Prince Albert ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa Èkó àti Abẹ́òkúta, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ níwájú wọn. Láàárín oṣù méjì, ìbọn ńlá ti ń dún l'Ékòó.

Ibí yìí ló máa ń ṣòro fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nítorí Crowther kì í ṣe òpùrọ́. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Èkó yìí gan-an ni wọ́n ti tà á fún Potogí, Èkó ló ti wọ ọkọ̀ ẹrú, kí ọkọ̀ ogun òyìnbó tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Tí ẹni tí ojú rẹ̀ rí èyí bá ní kí wọ́n ti èbúté Èkó mọ́ olówò ẹrú lójú, ta ni èmi tí màá bá a jiyàn? Àwọn kan lórí ìkànnì yìí máa ń pe Crowther ní ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ẹ rọra.

Adé Àjàyí náà ò bá a jiyàn. (Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé ó kọ odindi ìwé kan nípa rẹ̀ ní 2001.) Àwọn tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ló lọ bi léèrè. Ó pẹ́ tí London ti mọ̀ pé wọ́n ń ta ẹrú l'Ékòó, kí ló dé tó fi jẹ́ 1851 ni etí wọn wá là? Ìdáhùn rẹ̀, bó ṣe yé mi sí, ni pé àánú ẹrú wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò dá wà. Àwọn Potogí àtàwọn ará Brazil ló di òwò Èkó mú, àwọn òyìnbó ò sì rí àyè wọlé. Èkó sì lẹnu ọ̀nà sí gbogbo ilẹ̀ ẹ̀yìn wa. Ẹni tó bá mú ẹnu ọ̀nà ló mú ọjà.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo ìwé àdéhùn. Ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Agídìngbì jà tán ní ìparí December 1851, Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò nílùú ní ọjọ́ 28. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, Akítóyè ti fọwọ́ síwèé: òwò ẹrú parí, àwọn oníṣòwò òyìnbó lómìnira láti tajà, a ó dáàbò bo àwọn míṣọ́nnárì. Gbogbo àwọn tó bá a dá sí ẹ̀bẹ̀ náà ni wọ́n ní ìlà tiwọn nínú ẹ̀.

Kòsọ́kọ́ wá ńkọ́? Awùjalẹ̀ fún un láyè ní Ẹ̀pẹ́, òun àti Òṣòdì Tápà àtàwọn jagunjagun rẹ̀. Kò jókòó lásán. Ní August 1853, ó gbógun padà wá sí Èkó, wọ́n lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀sà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn. Epo pupa tó yẹ kó wá sí Èkó lè gba Palma àti Lẹ́kí jáde láìkan ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló sì ń dun àwọn oníṣòwò Èkó. Robert Smith, òyìnbó tó kọ́ni ní Nàìjíríà, tí òun àti Adé Àjàyí jọ kọ Yoruba Warfare in the Nineteenth Century ní 1964, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1969 lórí ogun àti ìdúnàádúrà orí ọ̀sà yìí. Ẹni tó bá ń gbé Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú yẹ kó wá a kà.

Ní September 28, 1854, Kòsọ́kọ́ àti Kọ́ńsù Benjamin Campbell fọwọ́ sí àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ ò ní wá ọ̀nà gba Èkó mọ́, yálà pẹ̀lú ogun tàbí pẹ̀lú ọgbọ́n. Kò ní ta ẹrú mọ́. Campbell náà gbà pé òun ló ni èbúté Palma àti Lẹ́kí, á sì máa gba ẹgbàá owó ẹyọ kan lórí àgbá epo kọ̀ọ̀kan tó bá ti Palma jáde. Èyí tó kù ló ń pa mí lẹ́rìn-ín: wọ́n á máa fún un ní ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000 lọ́dọọdún títí ayé rẹ̀, tàbí 1,000 dọ́là, èyí tó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹgbàá lọ́nà 2,000 jẹ́ owó ẹyọ mílíọ̀nù mẹ́rin. Igba ọ̀kẹ́ nìyẹn. Lọ́dọọdún!

Ṣé rìbá ni? Mo ti rò ó títí. Kò sí ẹni tó gbà á lábẹ́ tábìlì, inú ìwé ló wà. Àmọ́ ẹ wò ó, ọkùnrin tí wọ́n tìtorí òwò ẹrú yìnbọn lé kúrò nílé, ọdún mẹ́ta ò tíì pé, wọ́n ń sanwó fún un kó má padà wálé. Lédè tiwa, wọ́n "settle" ẹ̀. Ní 1861, ó kan Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè: ọkọ̀ ogun Prometheus lórí omi, ìwé lórí tábìlì, 1,200 ọ̀kẹ́ lọ́dún. Ẹni tí bàbá rẹ̀ lọ bẹ òyìnbó pé kí wọ́n gbà á padà sórí oyè, òun ni wọ́n gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ má rẹ́rìn-ín o, tiwa náà wà níbẹ̀. Ìkòròdú ni ọ̀nà tí Ìbàdàn ń gbà dé Èkó, ìyẹn ni àwọn Ẹ̀gbá fi dó tì wá. Àwọn bàbá wa náà ké sí òyìnbó. Ní March 29, 1865, àwọn sójà Glover dé, wọ́n tú àwọn Ẹ̀gbá ká. A yọ̀. Ẹ̀gbá ò gbàgbé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì, àwọn tí wọ́n kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ níjọ́sí! Ní 1872, ẹjọ́ Glover dé etí John Pope Hennessy, ará Cork ní ilẹ̀ Ireland tó ti ṣe aṣòfin ní London rí, tó wá di gómìnà àgbà. Ọ̀nà òwò tó dí ti sú àwọn oníṣòwò. Glover kẹ́rù ẹ̀.

Adé Àjàyí náà wá bá àwọn alágbára pàdé lójúkojú. Ó di VC UNILAG ní 1972. Ní April 1978, ìjọba ológun fi owó kún oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, láti ₦1.50 lóòjọ́ sí ₦2, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, "Ali Must Go." Wọ́n yìnbọn pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG. Ìjọba wá yọ Adé Àjàyí nípò. Ó padà sídìí ìwé rẹ̀ n'Íbàdàn. Òun ni olóòtú ìdìpọ̀ kẹfà ìwé ìtàn Áfíríkà tí UNESCO ṣe, ó jáde ní 1989. Ó kú ní August 2014. Mi ò pàdé rẹ̀ rí, ó sì dùn mí.

Gbogbo èyí ni mo gé kúrú sọ fún Màmá, pẹ̀lú ìrẹsì níwájú wa. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọmọ ilé ló lọ pè é, nígbà náà."

Mo ní, "Ọmọ ilé ni, Màmá."

Mo tún sọ fún un pé ní 1862 Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, pẹ̀lú £400 lọ́dún, àti pé àwọn tó tẹ̀lé e láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó. (Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tí Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní June 1994.)

Ó ní, "Ìyá tó bí ìyá ìyá mi ò lọ. Ó ní omi ibí tutù. Lẹ́tà ta ni wọ́n kọ tiẹ̀ sí?"

Mo fọ ọwọ́ mi. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo tẹ record, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ ìyá yẹn.