Ìbáramu àti Ìṣewẹ́kú: Kí Ló Ń Sọ Ọ̀rọ̀ Di Òótọ́?

Àríyànjiyàn kan ti pẹ́ láàárín àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí. Bertrand Russell àti àwọn tó ronú bíi tirẹ̀ ní ọ̀rọ̀ di òótọ́ bó bá bá ohun tó wà mu. Harold Joachim, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1906, tẹnu mọ́ ọn pé àfi kí ọ̀rọ̀ bá àwọn ọ̀rọ̀ yòókù mu. "Bá mu" ló ń ṣiṣẹ́ ní ìhà méjèèjì. Bí a bá pe ti Russell ní "ìbámu", tí a pe ti Joachim ní "ìbáramu", "ara" kékeré tó há sáàárín ni gbogbo ìyàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì kò ní gbọ́ ọ.

Mo fara mọ́ "ìbáramu" fún ti Joachim, torí àárín àwọn ọ̀rọ̀ fúnra wọn ni ìdánwò yẹn wà. Fún ti Russell, "bíbá òótọ́ mu" kò ṣeé lò, torí òótọ́ gan-an la fẹ́ túmọ̀. "Ìbáyému" ń dún bí aṣọ ìgbàlódé. "Ìṣewẹ́kú" ni mo yàn.

Kí ìyàtọ̀ méjèèjì lè hàn, ẹ wo onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Urbain Le Verrier. Ìrìn Uranus kò bá ìṣirò mu, ló bá ṣírò ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn gbọ́dọ̀ wà. Lálẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1846, Johann Galle gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú ní Berlin, ó sì rí Neptune nítòsí ibẹ̀. Ní 1859, Le Verrier lo ọgbọ́n kan náà fún Mercury, wọ́n sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì tó ń retí ní Vulcan. Ó bára mu dáadáa. Wọ́n wá a títí, kò sí. Ìlànà tuntun tí Einstein gbé kalẹ̀ nípa òòfà ló tú ọ̀rọ̀ ìrìn Mercury ní 1915. Ìṣirò méjèèjì, ti Neptune àti ti Vulcan, ló bára mu, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣe wẹ́kú.

Ìmọ̀ wá ńkọ́? Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀ fọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣègùn Yorùbá lẹ́nu wò fún ìwé wọn tó jáde ní 1986. Ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí ni àwọn yẹn ń pè ní ìmọ̀; èyí tí wọ́n sọ fún un tó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, ì báà jẹ́ inú ìwé ló ti kà á. (Ìgbàgbọ́ ló pọ̀ jù ní yunifásítì nìyẹn!) Bí a bá fi ojú yẹn wò ó, Galle ló mọ Neptune. Èmi á fi "ìmọ̀" sílẹ̀ fún un, kí n pe ti Le Verrier ní "ìgbàgbọ́ tó yege", bí olùkọ́ físíìsì tilẹ̀ máa bínú. Vulcan á wá jẹ́ ìgbàgbọ́ tó fìdí rẹmi.