Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Wọlé? Láti Ibùdó Rélùwéè Òṣogbo Dé Ẹnu Ọ̀nà Bàálù

Ìbéèrè tí a gbé ka iwájú wa ni pé, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bá kéde pé irú àwọn èrò báyìí ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ǹjẹ́ wọ́n ń tẹ̀lé ìkéde ara wọn? Ẹni tí ó bá ti dúró rí ní ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọ bàálù ní Ìkẹjà yóò dáhùn pé nígbà mìíràn ni. Ìdáhùn náà kò gùn. Ìtàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gùn, nítorí pé inú bàálù kọ́ ni àríyànjiyàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ láàrin wa. Ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ojú irin tó dé, àwa náà ní òfin tiwa nípa ẹni tí yóò ṣíwájú. Ní Iléṣà, lọ́jọ́ Ìwúdè, nígbà tí àwọn ìjòyè bá ń wá júbà Ọwá Obòkun, olúkúlùkù ni ó mọ àyè tirẹ̀. Ọbańlá mọ ibi tí òun wà, Rísàwẹ́ mọ̀, Ọ̀dọlé náà mọ̀. Ní Òṣogbo, nígbà tí Arugbá bá gbé igbá lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun, ọ̀nà ni gbogbo èrò ń là fún un, bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀ bí eṣú. A kò fi iṣẹ́ ṣíṣọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo àwùjọ ni ó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó bá kọjá àyè rẹ̀ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà kàn án.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Èkó bọ̀ wá sí òkè. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Ní 1909 ó ti dé Jẹ́bà létí odò Ọya. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí sí ẹ̀bá ibùdó náà, Òṣogbo sì di ojúkò òwò. Iléṣà kò rí ojú irin tirẹ̀. Ará Ìjẹ̀ṣà tí ó bá ní kòkó tàbí èkùrọ́ láti tà, tàbí tí ó bá ń wá aṣọ tí yóò rù kiri, Òṣogbo ni yóò wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Òṣómàáló ti ń kó ọjà. Ẹ mọ ìtumọ̀ orúkọ náà: wọ́n á ta aṣọ láwìn, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọ́n á ní òṣó ni àwọn yóò ló lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ẹni tí ó lè lóṣòó dúró de owó rẹ̀ báyìí kì í ṣe ẹni tí yóò dédé yàgò fún ẹlòmíràn nínú èrò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni rélùwéè pín èrò rẹ̀ sí: ipò kìíní, ipò kejì àti ipò kẹta. Ètò yìí dúró dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni pé inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Yàrá ipò kìíní yàtọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ yàtọ̀, ayẹ̀tíkẹ́ẹ̀tì sì ń rìn kiri. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ipò kẹta kò lè ṣèèṣì bá ara rẹ̀ lórí àga ipò kìíní. Ṣùgbọ́n nínú ipò kẹta, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn baba àti ìyá wa wà, kò sí ètò kankan. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè wọlé, ẹni tí apá rẹ̀ le ni yóò kọ́kọ́ fò sókè, ẹrù á máa gba ojú fèrèsé wọlé, abiyamọ á máa wá ẹni tí yóò bá a gba ọmọ. Ọkọ̀ kan náà ni, òfin méjì ni.

Èyí tí ó tún yẹ kí a kíyè sí ni irú ẹni tí ètò ipò kìíní ń gbé ga. Kì í ṣe àgbà, kì í ṣe olóyè. Owó ni, àti ipò nínú iṣẹ́ ìjọba, nítorí bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti ga tó ni wọ́n fi ń yan ibi tí yóò jókòó sí fún un. Akọ̀wé ọ̀dọ́ lè wà lórí àga tìmùtìmù, kí baálé orí ewú sì wà ní ìdúró nínú ipò kẹta. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí pàdánù ìṣọ́ àwùjọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ètò tí kò bá ojú wa mu, a kì í bá ẹlétò ṣọ́ ọ.

Nígbà tí lọ́rì gba ojú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ẹ rántí bọ́lẹ̀kájà, lọ́rì onípákó. Orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó ìtàn: bọ́ sílẹ̀ kí á jà! Níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ni àga ọlá wà, owó rẹ̀ sì máa ń ju ti ẹ̀yìn lọ. Síbẹ̀ agbèrò tí ó ní àánú lójú lè ní kí ìyá àgbà kọ́kọ́ gòkè, kí ẹnikẹ́ni má sì ráhùn, nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí ẹ̀tọ́ ni ó ṣe. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, èyí tí a ń pè ní NURTW, sílẹ̀ ní 1978, ètò títò ọkọ̀ láti ṣe tọ́ọ̀nù túbọ̀ fìdí múlẹ̀ ní gáréèjì. Ọkọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gba èrò. Ẹ wò ó bí òfin yẹn ti le tó! Awakọ̀ tí ó bá gbìyànjú láti gbé èrò kí tọ́ọ̀nù rẹ̀ tó kàn yóò rí pupa ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èrò tí ń rọ́ wọnú ọkọ̀ kan náà kò ní tọ́ọ̀nù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí ọkọ̀ kan bá fo ìlà, awakọ̀ kejì pàdánù owó oúnjẹ rẹ̀. Bí èrò kan bá fo ìlà, kò sí ohun tí ó dín nínú àpò agbèrò. Òfin máa ń dúró níbi tí ẹni tí ń ṣọ́ ọ yóò ti jẹ gbèsè bí ó bá wó. Mo rò pé kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ wa nìyẹn.

Nísinsìnyí, bàálù. Ní 1946 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1958 Nàìjíríà ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Nigeria Airways. Ní àkọ́kọ́, àwọn tí ń wọ̀ ọ́ kò pọ̀, ìwọra kò sì sí. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ya dé ní àwọn ọdún 1970 ni bàálù bẹ̀rẹ̀ sí fara jọ ipò kẹta rélùwéè. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a tà máa ń ju àga lọ, káàdì ìwọ̀kọ̀ sì sábà máa ń wà láìní nọ́ńbà àga. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn, ńṣe ni àwọn alákọ̀wé oníṣúùtù, alágbádá àti ìyálọ́jà á bẹ́ sí eré lórí ọ̀dà. Ẹni tí ó bá sáré dé orí àtẹ̀gùn ni ó ní àga, ẹni tí ó bá kù sẹ́yìn, kí ó máa lọ sílé. Ní 1979 a ṣí ilé èrò tuntun ní pápá Murtala Muhammed, a sì gbé àkóso ilé iṣẹ́ náà lé KLM ti Netherlands lọ́wọ́ fún ọdún méjì. Ilé yí padà. Eré kò tán.

Ní oṣù kẹta ọdún 1984 ni ìjọba Ọ̀gágun Buhari àti Idiagbon gbé ogun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ dìde, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì dojú kọ ni títò sórí ìlà. Àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹwòran rántí: sójà pẹ̀lú kòbókò ní ibùdókọ̀, àgbàlagbà tí a ní kí ó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìlà dúró ṣánṣán. Nígbà tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, sójà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ìlà sì bẹ̀rẹ̀ sí tú. Àwọn kan ṣì ń ṣàárò àkókò náà. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà tí ẹgba ń ṣọ́, bí ẹgba bá ti lọ, ó ti bá a lọ.

Nigeria Airways kógbá sílé ní 2003, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni sì gba ipò rẹ̀. Lónìí, káàdì èrò sábà máa ń ní nọ́ńbà àga. Kí ni a wá ń sáré fún? Ìrántí wà nínú rẹ̀: ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Ẹrù tún wà nínú rẹ̀, nítorí àyè tí ó wà lókè orí nínú bàálù kò tó ẹrù tí a ń gbé dání, ẹni tí ó bá pẹ́ wọlé yóò fi báàgì tirẹ̀ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́.

Ní ti ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Òṣìṣẹ́ á kéde pé kí àwọn tí ó san owó gọbọi, àwọn arúgbó àti àwọn abiyamọ kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Gbogbo ènìyàn á dìde. Òṣìṣẹ́ náà á wo aago. Bàálù ti pẹ́ tẹ́lẹ̀, ìdádúró sì ń ná ilé iṣẹ́ rẹ̀ lówó. Á máa gba káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá nà án sí i. Ní ọ̀pọ̀ pápá wa, bọ́ọ̀sì ni yóò tún gbé èrò dé ìdí bàálù. Àwọn tí a kọ́kọ́ pè ni yóò kọ́kọ́ wọ inú bọ́ọ̀sì lọ jìnnà, àwọn tí ó wọlé kẹ́yìn ni yóò dúró ti ilẹ̀kùn, àwọn náà ni yóò sì kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Ìyá arúgbó tí a pè ṣíwájú ti di èrò ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí ó rú òfin, síbẹ̀ òfin ti dojú dé. Ẹ má sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn alágbára tí mọ́tò wọn ń gbé dé ìdí bàálù.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ní 2024, American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ kan tí ń ké bí èrò bá mú káàdì wá kí a tó pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní ojú àánú, kò sì mọ ọmọ ẹni tí ń béèrè bóyá a mọ ẹni tí òun jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣọ́ jù lọ ni ohun tí a ti fi owó tà: àyè iwájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí lọ́kàn nìyí. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó kọ̀ kí a máa ya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin náà pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú pé kí wọ́n ní kẹ̀kẹ́ arọ tí ó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní àǹfààní àkọ́kọ́ láti wọ bàálù àti láti bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ ni èyí; kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe ọjà. Síbẹ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ kan náà tí ń wo aago ni ó wà.

Àwa náà sì ní ọwọ́ tiwa níbẹ̀. Ìyá kan ń lọ láti Iléṣà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní London tàbí Houston. Ó lè rìn dé oko kí ó tún rìn bọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ka àkọlé Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ rẹ̀ á kọ̀wé pé ó nílò kẹ̀kẹ́ arọ, kí ẹnì kan lè mú un dé ibi tí ó ń lọ. N kò lè pè é ní ẹ̀tàn gan-an. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní ètò mìíràn tí òṣìṣẹ́ fi ń pàdé irú ìyá bẹ́ẹ̀ tí yóò sì mú un lọ láìsí kẹ̀kẹ́. Àwọn tí ó mọ̀ pé kí wọ́n béèrè fún un ni kò pọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ mẹ́rin péré, tí mẹ́ta sì wà lábẹ́ àwọn tí ó lè rìn, ọkùnrin tí kò ní ẹsẹ̀ ni yóò jókòó síbẹ̀ máa dúró, nígbà tí gbogbo èrò yòókù ti wọlé tán. Òṣìṣẹ́ kò sì lè yẹ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni wò ní gbangba.

Ohun tí n óò fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ bá àwọn ọmọ yín jíròrò ni pé: bí ìyá wa bá jẹ́ kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ kọjá, ta ni yóò bá a ka àkọlé? Olóòtú, mo dúró níbẹ̀, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè sọ tiwọn.