Ohun tó ń jó mọ́tò ẹ̀rọ gààrí
Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó kì í pẹ́ bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí ìyà fi ń jẹ oní-gààrí bí mọ́tò oníná tó ń yí ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ bá jó. Ooru ló sábà máa ń pa á. Tí iná bá rẹlẹ̀ ju 230 volt tó yẹ kó jẹ́ lọ dáadáa, tí ẹ̀gẹ́ sì kún ẹnu ẹ̀rọ, kọ́rẹ́ǹtì tí mọ́tò ń fà á pọ̀ sí i, wáyà inú rẹ̀ á gbóná. Overload ló yẹ kó já iná kó tó jó. Ní ti omi tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ, mọ́tò IP65 lè fara da omi rọ́bà, IP44 ò lè ṣe é. Àwọn kan á wá fi náílọ́ọ̀nù wé e. Omi ò wọlé lóòótọ́, àmọ́ atẹ́gùn tó ń tù ú lára náà ò rọ́nà mọ́.