Ẹrẹ̀ Bodo: Ìtàn Àwọn Kòkòrò Àìfojúrí Tó Ń Jẹ Epo Rọ̀bì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tún àbàtà tí epo rọ̀bì bà jẹ́ ṣe yóò rìn jìnnà. Díẹ̀ wà nínú ìwé ilé ẹjọ́, díẹ̀ wà nínú àbọ̀ ìwádìí, díẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn apẹja. Ohun tí ọ̀kan bá sọ, òmíràn a ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ, pàápàá ti Bodo ní ilẹ̀ Ògóní, ìpínlẹ̀ Rivers.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ náà

Àwọn kan máa ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé kòkòrò àìfojúrí ń jẹ epo. Iyàn yẹn kò tó nǹkan. Söhngen ará Netherlands ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1913. Claude ZoBell ará Amẹ́ríkà sì kó ohun tí wọ́n mọ̀ jọ ní 1946. Ohun tó yẹ ká dì mú ni pé àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti wà nínú ilẹ̀ kí epo tó dà rárá.

Bí ẹrẹ̀ ṣe ń mí

Wa ẹrẹ̀ létí omi níbi tí igi mángróòfù hù sí, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ nà jáde bí ẹsẹ̀ alákàn. Àwọ̀ òkè ẹrẹ̀ náà dà bí ti tábà, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá wọlé díẹ̀, ó dúdú bí èédú, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Lókè, afẹ́fẹ́ wà, kòkòrò ibẹ̀ sì ń jẹ epo kíákíá. Nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ kò dé. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń lo èròjà imí ọjọ́ inú omi òkun dípò afẹ́fẹ́; àwọn ló ń fa òórùn yẹn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ epo.

Gbòǹgbò mángróòfù àti ihò alákàn ló ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú ẹrẹ̀. Bí epo bá dí ojú ihò tí gbòǹgbò fi ń mí, igi a kú. Alákàn náà a kú. Afẹ́fẹ́ a wá dínkù fún kòkòrò tí ì bá palẹ̀ epo náà mọ́.

Wọ́n rí èyí ní Panama. Ní 1986, àgbá ńlá ilé iṣẹ́ ìfọpo kan bẹ́, epo sì bo mángróòfù Bahía Las Minas. Àwọn onímọ̀ Smithsonian, tí ibùdó ìwádìí wọn wà nítòsí, rí i pé lẹ́yìn ọdún 5, epo ṣì ń sun jáde láti inú ẹrẹ̀.

Bodo, 2008

Wọ́n ti rí epo ní Ògóní láti 1958. Ilé iṣẹ́ epo Shell dáwọ́ iṣẹ́ wíwa epo dúró níbẹ̀ ní 1993, ṣùgbọ́n ọ̀pá tó ń gbé epo gba ibẹ̀ kọjá kò sinmi. Ní 2008 ó jò lẹ́ẹ̀mejì ní Bodo. Ibí ni àkọsílẹ̀ ti ta kora jù.

Shell ní ìjò àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá. Àwọn ará Bodo ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ni. Ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó dí i. Shell kọ àgbá 1,640 sílẹ̀ fún gbogbo ìjò àkọ́kọ́ yìí. Accufacts, ilé iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà kan tó wo fídíò ìjò náà, ní ó tó àgbá 1,440 sí 4,320 lójúmọ́ kan. Ní 2014, Shell gbà ní kóòtù Lọ́ńdọ̀nù pé iye tí òun kọ kéré sí iye tó dà. Ní 2015 ó gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn. Nígbà tí ẹni tó ní ọ̀pá ti gbà pé ìṣirò òun kò péye, ọ̀rọ̀ àwọn apẹja tó ń jí bá omi náà láràárọ̀ ni mo gbà lórí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 38 ló wà láàárín ọjọ́ tí àwọn ará Bodo sọ àti èyí tí Shell kọ. Omi òkun máa ń kún, ó máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó lé ní ìgbà 70 tó ti gbé epo da sínú ihò alákàn kí ọjọ́ tí Shell kọ sílẹ̀ tó pé.

Àbọ̀ ìwádìí 2011

UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé àbọ̀ rẹ̀ lórí Ògóní jáde ní oṣù Kẹjọ 2011. Ọ̀nà tí Shell ń lò tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n tú ilẹ̀, kí wọ́n fi ajílẹ̀ sí i, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè jẹun. UNEP yẹ ibi 15 tí Shell ní òun ti tún ṣe tán wò. 10 nínú wọn ṣì ní epo ju ìwọ̀n tó yẹ lọ. Ní ibi 49, epo ti wọlẹ̀ tó mítà 5, ó kéré tán. Ẹ̀bi kòkòrò kọ́. Ọkọ́ tó ń tú ojú ilẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ kòkòrò tó wà nísàlẹ̀. UNEP ní ìwòsàn náà lè gba ọdún 25 sí 30.

Àwọn kan ń ta kòkòrò tí wọ́n tọ́ ní yàrá ìwádìí, pàápàá láti ìgbà tí kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti fún onímọ̀ Ananda Chakrabarty ní ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ kan ní 1980. Èmi kò rí ohun tí Bodo fẹ́ fi àlejò ṣe nígbà tí ebi afẹ́fẹ́ ń pa onílé.

Láìpẹ́ yìí

Ní oṣù Kẹfà 2016, Yemi Osinbajo, igbákejì Ààrẹ nígbà náà, ṣí iṣẹ́ ìtúnṣe Ògóní ní Bodo. Láti ìgbà náà wọ́n ti ń fi omi fọ epo kúrò nínú ẹrẹ̀, wọ́n sì ti ń gbin mángróòfù.

Kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbìn ín ni ìtàn yìí kọ́ wa. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń sàn, kó má ka igi nìkan. Kó bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ nígbà tí omi bá fà: níbi tí alákàn bá ti ń gbẹ́ ihò tuntun, afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, àwọn tí ojú kò rí sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́.