Ọmọńlé Àpáta ti Erékùṣù Hòn Khoai

Ọmọńlé àpáta Hòn Khoai, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní *Cnemaspis psychedelica*, jẹ́ ẹranko afàyàfà kékeré tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé ju erékùṣù Hòn Khoai àti erékùṣù tíńtín kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Hòn Tượng, ní etíkun gúúsù Vietnam. Ọdún 2010 ni L. Lee Grismer, Ngo Van Tri àti Jesse Grismer kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún aráyé.

Láti ẹnu dé ìdí, láìka ìrù mọ́ ọn, kì í sábà gùn ju mìlímítà 75 lọ, síbẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ẹbí rẹ̀: ẹsẹ̀ àti ìrù rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n dáadáa, ara rẹ̀ jọ eérú tó ní àwọ̀ aró díẹ̀ nínú, ìlà dúdú àti yẹ́lò sì lọ́ mọ́ra wọn ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ọmọńlé inú ilé ní ìka fífẹ̀ tí irun wínníwínní bò lábẹ́, èyí tó fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri dídán, ṣùgbọ́n ìka ti àpáta yìí gùn, ó tín-ín-rín, ó sì tẹ̀, èékánná ló fi ń di òkúta mú. Ọmọlójú rẹ̀ rí róbótó, kò là gbọọrọ bíi ti àwọn tó ń ṣọdẹ lóru, nítorí ojúmọmọ ni ó sábà máa ń jáde.

Abẹ́ igbó, láàárín àwọn òkúta ràbàtà tí òjìji igi mú tutù, ni ó ń gbé. Ibẹ̀ ni ó ti ń jẹ kòkòrò, inú pàlàpálá àpáta ni ó ń sá sí bí ewu bá dé, ara àpáta náà ni abo sì ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Ẹranko tó so mọ́ òkúta tó báyìí kò ní ibi tí yóò ṣí lọ.

Ẹwà rẹ̀ ló kó bá a. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn àpèjúwe náà ni àwọn tó ń sin ẹranko afàyàfà nílé ní Yúróòpù ti ń rà á, bẹ́ẹ̀ gbogbo èyí tó wà nínú igbó kò tó 1,000 nínú ìṣirò àwọn olùwádìí. Ní 2016, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, tí a mọ̀ sí CITES, fi í sí ìpele ààbò tó ga jù lọ, èyí tó ka fífi èyí tí a mú nínú igbó ṣòwò ní òkè òkun léèwọ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn kò lè ká àwọn ọ̀bọ onírù gígùn tí ènìyàn kó wá sí erékùṣù náà lọ́wọ́ kò, àwọn náà sì ń pa á jẹ.