Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Ìbọn Ọdẹ Lọ́wọ́ Ìpáàrà Nígbà Òjò

Nígbà tí òjò bá ti dé, tí igbó sì dí, ọ̀pọ̀ ọdẹ a máa gbé ìbọn ṣakabùlà wọn kọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi padà. Láàárín àkókò yìí ni irin ń dógùn-ún láti inú wá. Ọ̀pá ìbọn tí ìpáàrà ti jẹ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lójú ní ọjọ́ tí ó bá tún yìn ín.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ dájú pé ìbọn náà ṣófo. Ẹ yọ kápù rẹ̀, kí ẹ sì ti ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn bọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, láìdúró síwájú ẹnu ìbọn. Bí ọ̀pá náà kò bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀tù tàbí ọta lè wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́ ẹ. Ẹ pe alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ ìbọn.

Ẹ̀tù tí ó jóná ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Eérú rẹ̀ a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí iyọ̀ inú ìkòkò ṣe ń rin nígbà òjò. Àṣìṣe tí a ń rí ni pé àwọn kan a da òróró lé e lórí láìfọ̀ ọ́, ìpáàrà a sì máa ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́ òróró. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí a fi fọ inú ọ̀pá irin náà títí omi yóò fi mọ́. Ooru omi náà a tún jẹ́ kí irin tètè gbẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì fi òróró ẹ̀rọ tuntun pa á fẹ́ẹ́rẹ́, nínú àti lóde. Òróró tí a rọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ kò dára, nítorí ìdọ̀tí inú rẹ̀. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà a sì máa dì.

Ẹ má ṣe tọ́jú ìbọn sínú àpò awọ tàbí ọ̀rá, ẹ má sì fi í ti ara ògiri tútù. Òkè ààrò gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná àti ẹ̀tù kì í ṣe ọ̀rẹ́. Inú àpótí onígi tí a tì pa, tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, ni ó yẹ ẹ́. Kí ẹ̀tù wà níbòmíràn. Lóṣooṣù ni kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí kòkòrò tí í fi amọ̀ kọ́lé a máa dí ẹnu ìbọn pẹ̀lú. Kí a tó tún kì í, a gbọ́dọ̀ nu òróró inú rẹ̀ kúrò.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ní ìbọn. Ìwé àṣẹ bàbá kì í sì í ṣe ti ọmọ. Ẹni tí ó bá bá ìbọn nínú ẹrù olóògbé, kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá ní àgọ́ tí ó sún mọ́ ọn.